Ọgbọ́n Orí àti Ọgbọ́n Ìmọ̀lára ní Ọ̀jọ́, Ìbà àti Òkokomáíkò

Làákàyè ni agbára tí ènìyàn fi ń kọ́ ohun tuntun, tó fi ń rántí èyí tó ti kọ́, tó fi ń so ọ̀rọ̀ kan mọ́ òmíràn, tó sì fi ń wá ojútùú sí ìṣòro tí kò pàdé rí. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn onímọ̀ ti ń wá ọ̀nà láti wọ̀n ọ́n. Ní 1904, Charles Spearman, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàkíyèsí pé akẹ́kọ̀ọ́ tó bá mọ ìṣirò sábà máa ń mọ èdè, kódà ó máa ń mọ ohùn orin yà sọ́tọ̀. Ó wá sọ pé agbára kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo rẹ̀. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Alfred Binet àti Théodore Simon gbé ìdánwò kan jáde ní Paris fún àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára, kí ilé-ìwé lè mọ àwọn tó yẹ kó ràn lọ́wọ́. Binet kò gbà pé ohun tí ìdánwò náà bá sọ nípa ọmọ lónìí ni yóò jẹ́ títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Ó kú ní 1911. Nígbà tó di 1916, Lewis Terman ti Yunifásítì Stanford tún ìdánwò náà ṣe fún àwọn ará Amẹ́ríkà, láti ìgbà náà sì ni àṣà fífi nọ́mbà kan ṣoṣo júwe ọpọlọ ènìyàn ti gbòde.

Nọ́mbà tí wọ́n mọ̀ jù ní Ọ̀jọ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó, ni ti JAMB, ìdánwò ìwọlé sí yunifásítì. Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, LASU, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1983 nígbà ìjọba Lateef Jakande, ní ọgbà rẹ̀ tó tóbi jù sí ìlú náà. Láti Ìyànà Ìbà títí dé Òkokomáíkò, ìdílé tí kò ní ọmọ kan tó ń wá ọ̀nà wọ ibẹ̀ kò pọ̀. Kò sí ìdí láti kẹ́gàn irú ìdánwò bẹ́ẹ̀. Ohun gidi ló ń wọ̀n: bí ọmọ ṣe ń kàwé yé e, bó ṣe ń ṣírò, bó ṣe ń rántí. Ohun tó burú ni kí òbí fi máàkì ọjọ́ kan pe ọmọ ní olódo, kí ọmọ náà sì gbà bẹ́ẹ̀.

Ìdí tó fi burú ni pé làákàyè kò dúró lójú kan. Olùwádìí James Flynn fi hàn ní 1984 pé máàkì àwọn ará Amẹ́ríkà nínú ìdánwò làákàyè ti fi nǹkan bí 14 gòkè láàárín 1932 sí 1978. Ẹ̀jẹ̀ àti ìran kò lè yí padà láàárín ọdún díẹ̀ bẹ́ẹ̀. Oúnjẹ, ìlera, ilé-ìwé àti ìgbé ayé ló yí padà. Ohun tó lè gbé làákàyè sókè sì ń bẹ, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tó lè fà á wálẹ̀, Ọ̀jọ́ sì ní ọ̀kan nínú èyí tó ń fà á wálẹ̀ tí kò yẹ ká fojú fò dá. Ní 2005, àjọ Basel Action Network gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn ẹ̀rọ àlòkù tó ń gba èbúté Èkó wọlé. Wọ́n fojú bù ú pé kọ̀ǹténà 500 ló ń wọlé lóṣooṣù, ọ̀pọ̀ ohun tó wà nínú wọn ni kò ṣeé tún ṣe mọ́, ọjà ẹ̀rọ Àlàbá ní Ọ̀jọ́ sì wà lára ibi tí àwọn ẹrù náà ń balẹ̀ sí. Àwọn tó ń ṣa ìdọ̀tí ẹ̀rọ máa ń sun wáyà kí wọ́n lè rí bàbà inú rẹ̀ yọ, wọ́n sì máa ń fọ́ dígí tẹlifíṣọ̀n àtijọ́. Òjé wà nínú dígí náà, ó sì wà níbi tí wọ́n ti fi iná lẹ wáyà pọ̀. Ó ń bá èéfín àti eruku wọ ara, ọmọdé ló sì ń ṣe ní jàǹbá jù, nítorí ọwọ́ wọn ń kan ilẹ̀, wọ́n ń fi kan ẹnu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọdé tí a mọ̀ pé kò léwu. Ó ń dín làákàyè kù, ó sì ń ba agbára tí ọmọ fi ń kó ara rẹ̀ níjàánu jẹ́, débi pé ọmọ náà á máa tètè bínú, kò sì ní lè jókòó tẹ́tí sí olùkọ́. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sábà ń nà nílé-ìwé pé aláìgbọràn ni.

Ní Áfíríkà, àwọn olùwádìí tún rí i pé ìdánwò ilé-ìwé kì í ka gbogbo ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ọgbọ́n. Ní abúlé kan ní Kẹ́ńyà, Robert Sternberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dán àwọn ọmọ wò lórí ewé àti egbò tí wọ́n fi ń wo àìsàn kòkòrò inú. Àbájáde rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2001, fi hàn pé àwọn ọmọ tó mọ ewé jù ni máàkì wọn sábà ń kéré nínú ìdánwò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ilé wọn kà sí pàtàkì ni wọ́n ti lo ọpọlọ wọn lé lórí. Láàárín àwọn Yorùbá pàápàá, ẹni tó mọ̀wé tí kò mọ ènìyàn kì í gba orúkọ ọlọ́gbọ́n. Onímọ̀ ẹ̀kọ́ Babatunde Fafunwa, nínú ìwé rẹ̀ lórí ìtàn ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà tó jáde ní 1974, ka ète méje tí ẹ̀kọ́ ìbílẹ̀ Áfíríkà ní. Mímú ọpọlọ ọmọ jí pérépéré wà lára wọn, ṣùgbọ́n ìwà, ọ̀wọ̀ fún àgbà, iṣẹ́ ọwọ́ àti bíbá ará ilé àti ará àdúgbò lò pọ̀ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀. Ilé-ìwé òde òní ló ya ọ̀kan sọ́tọ̀, tó sì fi máàkì sí i.

Howard Gardner ti Yunifásítì Harvard gbìyànjú ní 1983 láti dá àwọn yòókù padà. Ó ní làákàyè pọ̀ ju ẹyọ kan lọ, ó sì ka mímọ inú ara ẹni àti mímọ inú ẹlòmíràn mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò fara mọ́ bó ṣe pín in, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là. Ní 1990, Peter Salovey àti John Mayer kọ àpilẹ̀kọ tó fún ọgbọ́n ìmọ̀lára ní ìtumọ̀ tí àwọn onímọ̀ ń lò títí dòní. Wọ́n pín in sí mẹ́rin nígbà tó yá. Àkọ́kọ́ ni kí ènìyàn rí ìmọ̀lára lójú, nínú ohùn àti nínú ìṣesí, ti ara rẹ̀ àti ti ẹlòmíràn. Èkejì ni kó mọ irú ìmọ̀lára tó ń ran irú èrò kan lọ́wọ́. Ẹ̀kẹta ni kó yé e ibi tí ìmọ̀lára kan ti ṣẹ̀ wá àti ibi tó ń lọ, bí àpẹẹrẹ pé ìtìjú tí a kò sọ jáde máa ń di ìbínú. Ẹ̀kẹrin ni kó lè darí rẹ̀. Daniel Goleman, akọ̀ròyìn tó kẹ́kọ̀ọ́ nípa ìrònú ẹ̀dá, ló gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ gbogbo ayé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1995.

Àwọn kan rò pé ìmọ̀lára ni ọ̀tá làákàyè, pé ẹni tí kò bá mọ nǹkan kan lára ló lè ronú dáadáa. Aláìsàn kan tí dókítà ọpọlọ Antonio Damasio kọ nípa rẹ̀ ní 1994 fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ti gé kókó kan kúrò nínú ọpọlọ ọkùnrin náà, lápá ibi tó wà lẹ́yìn iwájú orí. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò làákàyè ṣì ga, ó ń rántí nǹkan, ó ń sọ̀rọ̀ tó mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n ohunkóhun kì í dùn ún, kì í bà á lẹ́rù, kì í sì í mú inú rẹ̀ dùn mọ́. Kò wá lè pinnu ohun tó kéré jù. Á máa rò ó síwá, á máa rò ó sẹ́yìn, títí ọjọ́ á fi lọ. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi owó rẹ̀ dòwò pẹ̀lú ẹni tí kò yẹ, ilé rẹ̀ sì tú. Ìmọ̀lára ló ń sọ fún ọpọlọ pé èyí ṣe pàtàkì ju tọ̀hún lọ. Bí ó bá dákẹ́, làákàyè kò rí ibi fẹsẹ̀ lé.

Bí ìmọ̀lára ṣe ń ṣiṣẹ́ kò ṣòroó rí ní òpópónà Èkó sí Badagry. Ní Ìyànà Ìbà láàárọ̀, kọ̀ńdọ́ ọkọ̀ èrò kan ti kéde pé kí olúkúlùkù wọlé pẹ̀lú ṣéńjì rẹ̀. Èrò méjì kò gbọ́, tàbí wọn kò ní. Kọ̀ńdọ́ so wọ́n pọ̀ lórí owó kan, ọ̀kan nínú wọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Volks, èkejì ń lọ Mile 2. Láàárín ìṣẹ́jú kan ọwọ́ ti wà lọ́rùn aṣọ. Ẹ̀yà kékeré kan wà nínú ọpọlọ tí wọ́n ń pè ní amygdala, òun ló ń ta ara lólobó pé ewu dé, ó sì máa ń ṣe é kí apá tó ń ronú jinlẹ̀ tó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọkàn á máa lù kìkìkì, iṣan á le, ohùn á ròkè. Apá tó ń ronú, tó wà lẹ́yìn iwájú orí, ló lè sọ pé owó díẹ̀ lèyí, kì í ṣe ẹ̀mí. Ṣùgbọ́n apá yìí kì í dàgbà tán títí ènìyàn á fi tó nǹkan bí ọmọ ọdún 25, ọ̀pọ̀ kọ̀ńdọ́ ni kò sì tíì tó bẹ́ẹ̀. Nínú ọkọ̀ kan náà, èrò kejì, tó jẹ́ ìyá àgbà, lè sọ pé, “Ó tó, ọmọ mi. Fún bọ̀ọ̀dá yẹn ní tiẹ̀, èmi máa dúró de tèmi títí dé Mile 2.” Kọ̀ńdọ́ á ní, “Ẹ ṣé, màmá, ẹ má bínú.” Kò sí ẹni tó kọ́ obìnrin náà ní ìlànà Salovey àti Mayer. Ó rí i pé ojú ló ń ti ọmọ náà láàárín èrò, ó sì fún un ní ọ̀nà tó lè gbà bọ́ níbẹ̀ láìtẹ́.

Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ irú ọgbọ́n yìí bí iṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ni ọjà Àlàbá. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé tó parí ní 1970, ètò ẹ̀kọ́ṣẹ́ àwọn Igbo gbòòrò gan-an, òun sì ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta fíríìjì, tẹlifíṣọ̀n, jẹnẹrétọ̀ àti ẹ̀rọ orin fi ń rówó àti òṣìṣẹ́. Ọmọ á wà lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún bíi márùn-ún sí méje, lẹ́yìn náà ọ̀gá á fún un ní owó tàbí ọjà tí yóò fi dá dúró. Ohun tí ojú rí ni pé ọmọ náà ń kọ́ orúkọ ọjà àti iye owó. Ṣùgbọ́n iye owó kì í pẹ́ẹ́ kọ́. Èyí tó ń gba ọdún ni mímọ ènìyàn. Oníbàárà wọlé, ó ní òun kàn ń wò ni, ó fọwọ́ kan fíríìjì mẹ́ta, ṣùgbọ́n èyí tó kọ́kọ́ wò ni ojú rẹ̀ ń padà sí. Ọmọ tó gbọ́n kì í sọ̀rọ̀ nípa èyí tó kù mọ́. Ẹlòmíràn dá owó kan tó dà bí èébú. Ọmọ kò gbọdọ̀ bínú, torí ọ̀gá ti sọ fún un pé owó tí oníbàárà kọ́kọ́ dá kò kan ọmọlúàbí rẹ̀, ìnájà ni. Ó tún gbọ́dọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń kí Yorùbá tó jù ú lọ, bí wọ́n ṣe ń kí ará Hausa, àti ìgbà tí àwàdà á di ìwọ̀sí lójú Ẹ̀gùn tó wá láti Badagry.

Ìdánwò tó le jù ni ti ẹni tó gbé ọjà padà. Ọkùnrin kan gbé tẹlifíṣọ̀n tó rà lọ́sẹ̀ tó kọjá dé, ó ń pariwo pé olè ni wọ́n. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ kì í kọ́kọ́ gbèjà ara rẹ̀. Ó jẹ́ kí ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ tán, ó fún un ní àga, ó ní kí ọmọ ra omi tútù wá. Ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ lẹ́nu ara rẹ̀ kí ọkùnrin náà lè mọ̀ pé wọ́n gbọ́ òun. Lẹ́yìn náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ so ẹ̀rọ náà mọ́ iná lójú rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wò. Ẹ̀kọ́ tí kò sí nínú ìwé kankan ní ṣọ́ọ̀bù náà nìyẹn, iye rẹ̀ sì lé ní iye tẹlifíṣọ̀n náà. Àwọn olùkọ́ tó ń kọ́ nípa ọgbọ́n ìmọ̀lára ní yunifásítì lè kọ́gbọ́n púpọ̀ ní Àlàbá.

Kí ọmọ tó lè darí ìmọ̀lára, ó ní láti lè pè é lórúkọ. Matthew Lieberman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán ọpọlọ wò ó ní 2007: nígbà tí ènìyàn bá fi ọ̀rọ̀ sọ ìmọ̀lára tó rí lójú ẹnìkan, amygdala rẹ̀ máa ń rọ̀, apá tó ń ronú á sì ta jí. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ilé-ìwé aládàáni tó pọ̀ ní Ìbà àti Òkokomáíkò gidigidi. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, ọmọ ọdún mẹ́rin tó bá sọ Yorùbá, Igbo tàbí Ẹ̀gùn nínú kíláàsì á sanwó ìtanràn tàbí kó kúnlẹ̀. Ọmọ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń sọ nílé pé àyà òun ń já, ara òun kò balẹ̀, ojú ń ti òun, ó dun òun, òun ń jowú àbúrò òun. Nílé-ìwé, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tàbí méjì tó ti mọ̀ ló gbọ́dọ̀ fi bo gbogbo ìwọ̀nyí mọ́lẹ̀. Ó wá dákẹ́, tàbí ó gbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ létí. Ìpalára ńlá ni, owó ilé-ìwé ni àwọn òbí sì ń san fún un.

Ẹ̀rí wà pé èdè abínibí kì í di ọmọ lọ́wọ́. Ní 1970, Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen’s ní Mọ̀dákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà, tí wọ́n sì ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ta àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn yọ, títí kan Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣòfin ní 2018 pé dandan ni kíkọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé ìpínlẹ̀ náà. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà kan ní 2022 pé èdè abínibí ni kí wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fagi lé e ní 2025. Ní àdúgbò tí ọmọ Àwórì, Igbo, Hausa àti Ẹ̀gùn ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan, kò rọrùn fún olùkọ́ kan láti mọ gbogbo èdè wọn. Ṣùgbọ́n ó rọrùn fún un láti má jẹ ọmọ níyà nítorí pé ó fi èdè ìyá rẹ̀ sọ ohun tó ń dùn ún.

Ilé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀. John Gottman, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ìdílé ní Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn ọmọ tí òbí wọn máa ń gbọ́ ìbínú àti ẹkún wọn, tí wọ́n ń bá wọn wá orúkọ rẹ̀, kí wọ́n tó fi ààlà sí ohun tí wọ́n lè ṣe, máa ń mọ bí wọ́n ṣe ń fi ara balẹ̀ ju àwọn tí wọ́n ń pa lẹ́nu mọ́ lọ. Ọmọkùnrin ló ń jìyà èyí jù. “Gbẹ́nu dákẹ́, ọkùnrin kì í sunkún” ni wọ́n ń sọ fún un láti kékeré. Ìbínú nìkan wá ni ìmọ̀lára tí wọ́n fi sílẹ̀ fún un, òun náà ló sì ń gbé dé garéèjì àti sínú ìgbéyàwó rẹ̀. Fún àgbàlagbà, ọ̀nà tí ìwádìí gbè lẹ́yìn gan-an ni ti olùwádìí James Gross: ẹni tó yí bó ṣe ń wo ọ̀rọ̀ padà kí ìbínú tó gba ara máa ń ṣe dáadáa ju ẹni tó jẹ́ kó gba ara tán, tó wá gbé e mì. Ẹni tó rò ó pé kọ̀ńdọ́ náà kò tíì jẹun láti àná kò ní láti bá ara rẹ̀ jà. Oorun tó tó náà ń ṣèrànwọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ènìyàn bi ẹni tó fọkàn tán léèrè bí ìwà òun ṣe rí sí i, kó sì gbọ́ èsì láìjiyàn.

Àwọn olùtajà ìwé àti sẹminá ti sọ ju ohun tí ẹ̀rí lè gbé lọ. Ọgbọ́n ìmọ̀lára kò rọ́pò làákàyè. Carolyn MacCann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ìwádìí tó kan akẹ́kọ̀ọ́ tó lé ní 42,000 jọ ní 2020, wọ́n sì rí i pé àwọn tó ní in máa ń gba máàkì tó dára díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n làákàyè àti iṣẹ́ àṣekára ṣì ń ṣíwájú. Wíwọ̀n rẹ̀ náà kò rọrùn, nítorí ẹni tí kò mọ inú ara rẹ̀ lè kọ sí ìwé ìdánwò pé òun mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n ìmọ̀lára sì lè wà lọ́wọ́ ẹni burúkú. Stéphane Côté àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2011 pé nígbà tí ẹlẹ́tàn bá mọ bí wọ́n ṣe ń darí ìmọ̀lára, ìkà rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Oníjìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì tó mọ ìgbà tí opó ń dá nìkan wà, tó sì mọ ọ̀rọ̀ tí yóò mú un sunkún, ní ẹ̀bùn náà dáadáa. Ìdí nìyí tí àwọn Yorùbá fi so ọgbọ́n mọ́ ìwà, tí wọn kì í jẹ́ kí ọ̀kan dá rìn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni kì í ṣe gbogbo ìbínú ló jẹ́ àìlóye. Àpẹẹrẹ kan ni òpópónà Badagry: ọdún 2009 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀ ẹ́. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣètò fún kìlómítà 27 láti Marina dé Òkokomáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹsàn-án 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ló dúró sí. Òṣìṣẹ́ tó ń kúrò nílé kí aago márùn-ún ìdájí tó lù, tó ń padà ní aago mẹ́wàá alẹ́, ní ìdí tó fi ń bínú, ìbínú rẹ̀ sì ń sọ òtítọ́ nípa ọ̀nà náà. Ọgbọ́n ìmọ̀lára lè ràn án lọ́wọ́ láti má gbé e lé ìyàwó àti ọmọ lórí. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í pa á lẹ́nu mọ́.

Ibì kan wà tí ọgbọ́n yìí pin sí. Ìbànújẹ́ tó bá ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ lójoojúmọ́, tí oúnjẹ àti oorun kò wọlé mọ́, tí ènìyàn ń rò ó pé ikú sàn, àìsàn ni, sùúrù kọ́ ni oògùn rẹ̀. Òfin ìlera ọpọlọ tuntun tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní 2023 rọ́pò èyí tó ti wà láti 1958, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú láìsí ìyàsọ́tọ̀. Ilé-ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Yábàá, tó ti wà láti 1907, ń gba irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láti gbogbo Èkó. Ẹni tó ń gbé ní Ọ̀jọ́ tún lè bẹ̀rẹ̀ láti ilé-ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ ọn, kí dókítà ibẹ̀ kọ ìwé rán an lọ.